Òkúta Tó Ń Rùn Bí Aáyù

Ẹ̀yin ará Òjó, ẹ̀yin ará Ìbà, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sí ẹ̀yìn Òkòkómáíkò tí ẹ ń sọ fún ará ilé yín pé àárín Èkó gan-an lẹ wà, mo ti dé o. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń pín ohun tí mo máa kó bọ̀. Ẹ ní Injiníà ti lọ wa wúrà. Ẹ wò mí dáadáa. Bàtà tí mo wọ̀ lọ náà ni mo wọ̀ bọ̀, ó kàn ti là sí i ni. Ohun tí mo lọ mú wá kì í ṣe wúrà, ẹ jókòó kí n sọ ọ́.

Yanrìn àti omi ni ilẹ̀ tiwa yìí. Bí o bá gbẹ́lẹ̀ ní Òjó, o ó kan yanrìn. Tún gbẹ́ ẹ, o ó kan omi. Bí o bá gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ onílẹ̀ ló máa yọ. Òkúta gidi kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo kàwé ìmọ̀ òkúta ní yunifásítì, táìlì ni mo ń tà létí títì ní Ìyànà Ìbà. Àwọn oníbàárà mi ló sọ mí ní Injiníà. Mi ò bá wọn jiyàn, torí orúkọ tó ń bá èèyàn tajà kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń kọ̀.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ rìn ni Àǹtí Rábí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Àjàngbàdì á rántí wọn: obìnrin pẹlẹbẹ tó ń ta aáyù, atalẹ̀, ìyẹ̀rè, kànáfùrù àti irú. Wọ́n á dijú, kí o gbé irú sún mọ́ wọn nímú, wọ́n á sọ fún ọ bóyá Ṣakí ló ti wá tàbí Ìṣẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ọjà máa ń fi ta tẹ́tẹ́, ẹni tó bá sì ta á lòdì sí imú Àǹtí, ẹ̀sín ló máa gbé relé. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣòwò ní òkè Gánà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n bá a lọ. Ọkọ kú. Àǹtí kò padà wálé.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan gbé ẹrù kékeré wá fún Màmá wa nílé wọn ní Ìbà. Òkúta ni, ó tó ìkúùkù, ó ń dán bí fàdákà. Àǹtí ní kí wọ́n sọ fún Màmá pé ẹgbẹ́ wúrà ni, pé orí òkè tí wọ́n ti ń wa wúrà ni òun ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kí Màmá fi òkúta náà máa rántí òun. Màmá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ife-ẹ̀yẹ. Èmi, tí ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́, fi òòlù kàn án. Iná ṣẹ́ lára rẹ̀, òórùn sì tẹ̀lé iná náà.

Màmá ké láti inú yàrá pé, "Ta ló ń gún aáyù?"

Kò sẹ́ni tó ń gún aáyù. Òkúta ni. Mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí òkúta rùn bẹ́ẹ̀. Májèlé kan ni, ásẹ́níìkì lorúkọ rẹ̀.

A pe Àǹtí lórí fóònù kí a lè rí ojú wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́. Ọwọ́ náà gan-an ni Màmá ń wò. Kókó kéékèèké ti sú bo àtẹ́lẹwọ́ wọn, líle bí àgbàdo gbígbẹ. Ọrùn wọn sì ní àmì tó-tò-tó, bí ìgbà tí òjò bá kán sórí eruku tí kò rọ̀ tán.

Nígbà tí fóònù já, Màmá bi mí pé, "Múfú, kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

"Òkúta yìí ni, Màmá."

Wọ́n wo òkúta náà títí. "Gbé e kúrò nílé mi. Kí o sì lọ mú ọmọ mi wá. Mi ò fẹ́ ìròyìn o, èèyàn ni mo fẹ́."

Lójú ọ̀nà

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti bọ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lójú ọ̀nà Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé Màmá di nǹkan kan fún Àǹtí, wọ́n fi ewé wé e, wọ́n fi ọ̀rá dúdú dì í lórí ewé, wọ́n tún dì í. Síbẹ̀, ó ń rùn. Gbogbo ọkọ̀ tí mo wọ̀, àwọn èrò á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ bàtà wọn, wọ́n á wo ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n tó wá wò mí. Mo máa ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Àwọn ará Gánà ní sùúrù. Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, wọ́n á bẹ̀ ọ́ ná. "Jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni." "Jọ̀ọ́, rárá." Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì tí wọ́n se pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tí poroporo ọkà bàbà ti sọ di pupa. Mo ní kó bù ú fún mi, ohùn tí mo fi ń ra nǹkan ní Alábà ni mo lò. Ìyá náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé a jà ni?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Jọ̀ọ́, a ò jà." Ó wá bù ún, ó tún fi ẹyin lé e. Èmi tí mo rò pé mo jẹ́ onísùúrù láàárín yín! Ó yẹ kí àwa náà gbọ́ ara wa láti òkèèrè.

Bí a ti ń lọ sókè, igi ń dínkù, ilẹ̀ ń le. Níkẹyìn, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí jáde nínú pápá, gíránáítì ńláńlá, rogodo-rogodo, òmíràn gun òmíràn lẹ́yìn. Mo tẹ ojú mọ́ gíláàsì. Ọkùnrin Haúsá tó jókòó tì mí wò mí, ó wo òkúta, ó tún wò mí.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń wá nǹkan ni?"

Mo dá a lóhùn pẹ̀lú Haúsá tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àgbò ní ọjà Alábà Ràgó. Mo ní rárá, pé òkúta kò sí nílùú wa ni.

"Kò sí òkúta?" Ó ronú sí i. "Kí wá ni ẹ fi ń sọ ajá lókò?"

Igbá omi

Abúlé náà wà lẹ́yìn ìlú Bọ́lígàtáńgà ní òkè Gánà. Ilé amọ̀ roboto-roboto ni wọ́n, ògiri kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Bàbá Àtáńgà, baálé agbo ilé tí Àǹtí ń gbé, jókòó lábẹ́ igi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń kí àgbà máa ń lóṣòó ni. Wọ́n fi Haúsá sọ fún mi pé ọ̀nì nìkan ni àwọn mọ̀ tó ń sùn báyẹn.

Mo la ẹnu kí n sọ ohun tí mo bá wá, Bàbá na ọwọ́ sókè. Ìyàwó ilé gbé igbá wá. Omi ni, wọ́n po ìyẹ̀fun ọkà jéró sí i, wọ́n fi atalẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i. Àlejò kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kó tó mu ún. Wọ́n ní ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í sọ òótọ́ tán. Mo mu ún. Ó tutù, ó ta lẹ́nu díẹ̀, ó dùn. Mo tún mu. Nígbà tí mo gbé igbá sílẹ̀, mi ò rántí ọ̀rọ̀ líle tí mo ti tò láti Òjó mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. "Múfú! Múfú olórí rìbìtì!"

Àǹtí Rábí ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, agbọ̀n lórí, eruku funfun lójú. Wọ́n ti rù. Wọ́n sáré dì mọ́ mi, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọwọ́ kúrò nínú ìbòrùn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ iṣẹ́ ni. Kí ni oníṣòwò táìlì fẹ́ fi ọwọ́ ṣe?" Wọ́n yíjú sí àwọn obìnrin agbo ilé, wọ́n sọ nǹkan ní èdè ibẹ̀, gbogbo wọn sì fi mí rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí àwọn obìnrin náà ń pe Àǹtí ni mo bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Imú ni. Imú lásán, bí ẹni ń pe ọba.

Orí òkè

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ìdí orúkọ náà. Àwọn ọkùnrin ń gbé òkúta jáde láti inú ihò, àwọn obìnrin ń ṣà á. Àǹtí jókòó sórí ẹní láàárín wọn. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá kàn á fi irin gbá a níwájú Àǹtí, á gbé e sún mọ́ wọn nímú. Bí Àǹtí bá mi orí, igbe ayọ̀. Bí wọ́n bá yíjú, wọ́n á jù ú sísàlẹ̀. Òkúta tó rùn ni wọ́n ń kó lọ sórí iná igi, wọ́n á sun ún kó lè rọ̀, kí wúrà lè jáde nígbà tí wọ́n bá gún un. Èéfín funfun máa ń gba orí iná náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tálátà, ọ̀rẹ́ Àǹtí, tẹ orí ba sínú èéfín, ó fà á símú kíkankíkan bí ẹni tó ń gba oru àgbo. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò jìnnà rárá, ni kànga agbo ilé wà, níbi tí wọ́n ti pọn omi tí mo mu.

"Àǹtí, ta ló ní kí wọ́n máa fa èéfín yẹn?"

"Èmi ni. Ó ń la àyà. Aáyù ni."

"Kì í ṣe aáyù. Òkúta ni."

"Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní aáyù?" Wọ́n bínú díẹ̀. "Ìwọ tí ikọ́ rẹ kò jẹ́ kí ilé sùn nígbà tó o wà ní kékeré, kí ni mo fi wò ọ́ sàn? Aáyù àti oyin. Ohun tó bá ti ń rùn bí aáyù, oògùn ni."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín tí kò gbé aáyù mì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru? Mo jókòó ti Àǹtí, mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún yín báyìí.

Láéláé, kí bàbáńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé, àpáta yíyọ́ kan gbéra láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń bọ̀ lókè bí ògì tó ń hó. Kò dé òkè. Ó yà sáàárín àwọn àpáta tó ti ń gbébẹ̀, ó dúró, ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn títí ó fi di gíránáítì. Àlejò ni. Bó ti ń dì, ohun tó wúlò fún un ló ń mú mọ́ra. Ohun tí kò rí àyè fún ló ń tì jáde: omi gbígbóná, àti wúrà nínú omi náà. Omi náà wá ibi tí àpáta ti sán, ó dì síbẹ̀, ó di òkúta funfun tín-ín-rín, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, bí ilà àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo nawọ́ sí i lára òkè, Àǹtí sì rí i.

Wúrà kò dá rìn nínú omi yẹn. Nítòsí àlejò náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni irin kan tó ń jẹ́ bísímọ́ọ̀tì, àti irin tí wọ́n fi ń ṣe okùn tó ń tàn nínú gílóòbù. Bí a bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ásẹ́níìkì ni yóò pàdé wa. Bí a bá tún lọ jìnnà, a ó bá òjé, fàdákà, àti irú òkúta dúdú tí à ń lọ̀ ṣe tìróò. Irú òkè bẹ́ẹ̀ kì í kó wúrà jọ sójú kan, ńṣe ló máa ń fọ́n ọn ká bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹni tí kò ní ju irin àti ọwọ́ lọ gbọ́dọ̀ wá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rùn, kí ó lè mọ ibi tó ti pọ̀ díẹ̀. Àwọn èèyàn òkè yìí kò ṣìnà. Ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n ló ń pa wọ́n.

Àǹtí ní, "Àpáta náà, àlejò ni?"

"Àlejò ni."

"Tí kò padà sílé mọ́."

"Kò padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò dùn létí. "Èmi rèé. Múfú, nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn èèyàn yìí kì í kí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Àjèjì opó, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Ọjọ́ tí mo gbọ́ òórùn òkúta tí gbogbo wọn jù nù, tí wúrà wà nínú rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo di èèyàn. Bí mo bá bá ọ lọ sí Àjàngbàdì, ta ni mo fẹ́ jẹ́?"

Mo kọ́ ìmọ̀ òkúta o, wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn.

Ọ̀rá Màmá

Nígbà tí oòrùn rọ̀, a jókòó sí àgbàlá. Mo rántí ẹrù Màmá, mo gbé e fún Àǹtí. Mo tú ọ̀rá dúdú náà, ìdì kan, ìdì kejì, ó ku ewé. Òórùn náà bú jáde, ó gba gbogbo àgbàlá. Ajá tó sùn dìde. Tálátà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa imú, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Dàwàdáwà!" ló ké. Àwọn náà ń fi se ọbẹ̀ níbẹ̀. Láti abẹ́ igi lọ́hùn-ún, Bàbá Àtáńgà ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbàgbé òun.

Àǹtí gbé ewé náà lé itan, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì.

"Kí ni Màmá fi ránṣẹ́?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré. "Àǹtí, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ ná."

Wọ́n gbé e sún mọ́ imú. Wọ́n dijú, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Àjàngbàdì. Wọ́n fà á símú, wọ́n tún fà á.

Wọ́n ní, "Aáyù ni."

Mo tú ewé náà. Irú ló wà nínú rẹ̀, òun ni Tálátà pè ní dàwàdáwà, irú wooro, dúdú, tó ti kó gbogbo èrò ọkọ̀ láti Èkó débẹ̀ nírìíra. Ẹ̀rín Tálátà dáwọ́ dúró. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú Àǹtí.

"Láti ìgbà wo, Àǹtí?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo máa ń wo bí òkúta ṣe ń dán. Bí n kò bá rí i dáadáa, mo máa ń wo ojú ẹni tó gbé e wá. Ojú wọn ló ń sọ fún mi." Wọ́n mú irú kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Irú Màmá. Mi ò sì mọ̀ ọ́n."

Ìgbà yẹn ni wọ́n yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò nínú ìbòrùn, wọ́n gbé wọn lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Imú

Àǹtí gbà láti bá mi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní yọ́ lọ bí olè. Wọ́n gòkè lọ bá àwọn obìnrin náà, wọ́n dúró, wọn kò jókòó sórí ẹní. Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè ibẹ̀. Tálátà ń fi Haúsá túmọ̀ rẹ̀ fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ní Imú yín ti kú. Ó ní èéfín tí òun ní kí a máa fà ló pa á. Ó ní kí a wo ọwọ́ òun. Ó ní òun ló kọ́ wa, òun náà ló ní ká ṣíwọ́."

Ọkùnrin kan bínú. Ó ní ṣé kí àwọn wá máa jẹ òkúta ni? Bàbá Àtáńgà, tí wọ́n ti rọra gòkè wá, dá a lóhùn. "Ẹni tó fi òórùn náà hàn wá ló ní ká sá fún un. Ta lo tún fẹ́ lọ bi?"

Mi ò ní parọ́ fún yín. Wọn kò pa iná náà. Ebi kì í jókòó gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò, mo rí i tí wọ́n ń ru igi àti òkúta lọ sí ẹ̀yìn òkè, wọ́n sì ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń kọrí sí. Mo yọ òkúta Màmá, tí mo ti gbé rìn láti Ìbà, kúrò nínú àpò mi, mo dá a padà sí ibi tí wọ́n ti gbé e.

Bí a ti fẹ́ lọ, wọ́n gbé igbá omi jéró wá, nítorí ẹni tó ń lọ náà kì í fi òùngbẹ lọ. Mo gbà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo wo inú rẹ̀. Bàbá Àtáńgà rí mi.

"Mu ún," ni wọ́n wí. "Omi kànga ọ̀nà ọjà ni. Ó jìnnà, àwọn obìnrin ti lọ pọn ọ́n láàárọ̀."

Mo lóṣòó, mo mu ún tán. Àǹtí náà mu tiwọn, wọ́n sì da ìyókù sílẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Ìbà

Nígbà tí a dé, Màmá kò pariwo. Wọ́n gba ọwọ́ Àǹtí, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà, wọ́n fi ojú wọn lé e. Dókítà tí a lọ rí ní kò tíì pẹ́ jù, pé ara á máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti kúrò nínú èéfín. Nípa ti imú, ó ní òun kò lè ṣèlérí.

Àǹtí ń gbìyànjú. Ikọ́ náà ti dínkù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn àgbò wá láti Alábà Ràgó, tí gbogbo wa dí imú, wọ́n á jókòó gbọnin, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìyà o. Ọlọ́run ti yọ tèmi." A máa ń rẹ́rìn-ín.

Àràárọ̀ ni Màmá ń to agolo síwájú wọn: ìyẹ̀rè, atalẹ̀, kànáfùrù, irú. Wọ́n á ní kí Àǹtí dijú, wọ́n á gbé e sún mọ́ wọn nímú, wọ́n á bi wọ́n pé, "Kí ni?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àǹtí máa ń mi orí pé àwọn kò mọ̀, Màmá á sì bo agolo náà. Ẹ̀yìn Àǹtí máa ń tẹ̀ sí i.

Ní àárọ̀ àná, mo yà kí wọn kí n tó lọ ṣí ìsọ̀. Màmá mú agolo irú. Irú ti tán nínú rẹ̀, mo rí agolo náà lórí ògiri níjẹta, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti sá a gbẹ. Bóyá wọ́n gbàgbé. Bóyá wọn kò gbàgbé. Wọ́n gbé e sún mọ́ ọmọ wọn nímú.

"Kí ni, Rábí?"

Àǹtí dijú. Wọ́n fà á símú, ó pẹ́, ojú wọn sì rọ̀ bíi ti Àjàngbàdì ìjọ́sí.

"Irú ni, Màmá. Irú Ṣakí."

Màmá wo inú agolo náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá rọra bò ó, bí ẹni tí kò fẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ.

"Irú Ṣakí ni, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O gbà á."